Súùtì ọkọ̀ tó ń la òkun já kò ṣeé dúró dè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ìrìn-àjò ojú omi, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán títí yóò fi ku díẹ̀ kí ọkọ̀ ṣí, nítorí ìgbà náà ni àwọn iléeṣẹ́ máa ń ta yàrá tó ṣẹ́kù ní ẹ̀dínwó. Bíbá ènìyàn gba àyè sínú ọkọ̀ òkun ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun, mi ò sì lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ̀ràn yẹn lè wúlò fún ẹni tó ń wá yàrá tí kò ní fèrèsé nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá tó ń yí àwọn erékùṣù Caribbean ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fi wá súùtì, ìyẹn yàrá tó tóbi tó sì wọ́n jù, nínú ọkọ̀ tó ń la Òkun Àtìláńtíìkì já, èbúté ni yóò dúró sí tí yóò máa juwọ́ sí àwọn tó ń lọ.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ pọ̀ lóde òní. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n dìídì kàn nítorí líla òkun já, tó sì ń ṣe iṣẹ́ náà déédéé, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù: Queen Mary 2 ti iléeṣẹ́ Cunard. Saint-Nazaire ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kàn án, oṣù January 2004 ló sì kọ́kọ́ gbé èrò. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 345. Stephen Payne tó ya àwòrán rẹ̀ fún un ní imú gígùn àti irin tó nípọn ju ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ lọ, kí ó lè dúró de ìgbì Àtìláńtíìkì Àríwá. Láti Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí New York, òru 7 ló sábà máa ń gbà. Láti ìgbà tí Queen Elizabeth 2 (QE2), ọkọ̀ Cunard tó ṣáájú rẹ̀, ti fẹ̀yìntì lọ sí Dubai ní 2008, kò sí ọkọ̀ kejì tó ń bá a pín èrò. Bí súùtì bá ti tán ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́, kò sí ọkọ̀ tí ẹ ó yà sí. Ọjọ́ mìíràn lẹ ó máa wá.

Súùtì náà kò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Tábìlì oúnjẹ wà lára ohun tó fà á. Àwọn tó wà nínú súùtì ní ilé oúnjẹ tiwọn, Queens Grill àti Princess Grill. Tábìlì tí wọ́n bá fún ọ níbẹ̀, tìrẹ ni láti ọjọ́ tí o wọlé títí di ọjọ́ tí o bọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn kò ní jókòó sí i. Iye àga tó wà nínú ilé oúnjẹ àti iye súùtì ní láti bára mu, kò sì sẹ́ni tó lè fi súùtì kún un nítorí pé àwọn oníbàárà pọ̀ lọ́dún yìí. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn súùtì alájà méjì tó ní àtẹ̀gùn nínú wà níbẹ̀. Balmoral àti Sandringham ló tóbi jù láàárín wọn. Méjì péré ni. Kì í ṣe òní ló sì ti rí bẹ́ẹ̀: nínú Titanic, ọkọ̀ tó rì ní 1912, súùtì tó ní ibi ìrìn-gbafẹ́ tirẹ̀ nìkan kò ju méjì lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé òǹkọ̀wé yín gbà pé bí ojú ìwé ìtajà bá ti sọ pé kò sí àyè, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìrékọjá òkun olóru 7 tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ apá kan ìrìn-àjò tó gùn jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lọ tí wọ́n tún ń bọ̀ nínú yàrá kan náà, òru 14 lápapọ̀. Àwọn mìíràn ń ti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì wọ ọkọ̀, wọn a gba Southampton kọjá lọ sí New York. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọkọ̀ náà sábà máa ń lọ yí ayé ká fún oṣù mélòó kan, ìrékọjá tó bá sì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin ìrìn-àjò náà, àwọn tó ń yí ayé ká ló ti gba súùtì rẹ̀. Iléeṣẹ́ a máa di súùtì mú de irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ra odindi ìrìn-àjò náà yá wọn lára ju ẹni tó ra ọ̀sẹ̀ kan lọ. Súùtì lè wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà á, kí ojú ìwé ìrékọjá òru 7 sì máa sọ fún ẹ pé ó ti tán.

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ẹ́jẹ́ńtì bíi tèmi náà ń di yàrá mú fún oníbàárà fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó sanwó. Àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ rìn pọ̀ ti gba tiwọn sọ́tọ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti tú u sílẹ̀, yàrá padà sórí àtẹ. Ìgbà tí èyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù lọ ni ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ sísan àṣẹ́kù owó bá pé. Ó sábà máa ń tó oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìrìn-àjò gígùn. Ẹni tó ti san owó àsansílẹ̀ nìkan gbọ́dọ̀ san gbogbo ìyókù lọ́jọ́ náà, bí kò bá sì ṣe tán, ó yọ ara rẹ̀ kúrò kí ó má bàa pàdánù owó púpọ̀ sí i. Súùtì a wá jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Ta ni ó ń bọ́ sí lọ́wọ́? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn tó ń dúró de àyè, tí ẹ́jẹ́ńtì rẹ̀ sì ń bi iléeṣẹ́ léèrè léraléra. Yàrá náà kì í sábà dé ojú íntánẹ́ẹ̀tì kó tó tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé yín ṣe wí kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà ni pé kí ó gba yàrá tó kéré sí i tí ara rẹ̀ lè gbà, kí ó sì fi orúkọ sílẹ̀ fún súùtì lọ́jọ́ kan náà. Bí súùtì bá yọ, a ó san ìyàtọ̀. Bí kò bá yọ, ìrìn-àjò ṣì wà nílẹ̀. Kí ó tó sanwó, kí ó béèrè bóyá owó àsansílẹ̀ ṣeé gbà padà, torí àwọn iye owó kan wà tó rọjú gan-an ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò ní padà bọ̀ sápò mọ́. Àwọn iléeṣẹ́ tún ń ta yàrá tí kò tíì ní nọ́ńbà: o ra irú yàrá, wọn ó wá yan èyí tó bá wù wọ́n fún ọ nígbà tó bá yá. Mo fara mọ́ ọn fún ẹni tó kàn fẹ́ sùn. Mi ò fara mọ́ ọn fún ẹni tó fẹ́ fi owó tó tó báyìí ra súùtì.

Nítorí pé ibi tí súùtì wà nínú ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Iwájú ọkọ̀, lókè pátápátá, ni ìgbì ti ń gbé ènìyàn sókè sódò jù; àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, ló ti ń rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ súùtì wà lókè. Ẹni tí inú rẹ̀ kì í gba òkun, tó bá sanwó ńlá torí fèrèsé fífẹ̀ ní iwájú ọkọ̀, lè fi ọjọ́ mẹ́ta sùn gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì. Bálíkónì náà ń kọ́? Àtìláńtíìkì Àríwá tutù, atẹ́gùn rẹ̀ le, pàápàá láti October lọ, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó sanwó bálíkónì tí kò jókòó síbẹ̀ tó wákàtí kan. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, lílọ sí ìwọ̀-oòrùn ni mo yàn láàyò, torí ní ọ̀pọ̀ òru, aago ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan títí wákàtí 5 tó wà láàárín Southampton àti New York yóò fi pé. Oorun pọ̀ sí i fún ẹ. Bíbọ̀ sí ìlà-oòrùn, ńṣe ni wọ́n ń gbà á padà lọ́wọ́ ẹ.

Ìdílé tó ju ẹni méjì lọ ní ìṣòro tirẹ̀ tí àpilẹ̀kọ yín kò mẹ́nu kàn, òfin ààbò ló sì fà á. Nígbà tí Titanic kúrò ní Southampton ní ọjọ́ 10 oṣù April 1912, ọkọ̀ agbẹ̀mílà 20 ló wà nínú rẹ̀, tó lè gba ènìyàn 1,178, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lé ní 2,200. Ìjàǹbá náà ló bí SOLAS, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, ti 1914, àwọn òfin tó sì tẹ̀ lé e ló fi gbèdéke sí iye ènìyàn tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé. Èrò kọ̀ọ̀kan ní ibi ìpéjọ tirẹ̀ tí yóò lọ bí ewu bá dé. Bí àwọn ọmọdé bá ti gba bẹ́ẹ̀dì kẹta àti ìkẹrin nínú yàrá púpọ̀, iye yẹn lè pé nígbà tí yàrá kan ṣì ṣófo. Ìdí nìyí tí ẹni méjì fi lè rí súùtì gbà lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n sọ fún ẹni mẹ́ta pé kò sí. Kì í ṣe ẹ̀tanú. Kí ẹ pe iléeṣẹ́ lórí fóònù, kí ẹ sì béèrè.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dá rìn le ju gbogbo èyí lọ. Iye owó tí wọ́n ń kọ síta jẹ́ ti ẹnì kan nínú ẹni méjì tó pín yàrá. Ẹni tó bá dá wà sábà máa ń san tirẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú ti ẹni kejì tí kò sí, nínú súùtì ó sì lè jẹ́ odindi ìlọ́po méjì. Ní 2010 ni ọkọ̀ ìgbafẹ́ Norwegian Epic gbé yàrá 128 jáde fún ẹni tó ń dá rìn. Ní 2016, nígbà tí wọ́n tún Queen Mary 2 ṣe ní Hamburg, wọ́n fi yàrá 15 sí i fún irú wọn. Yàrá 15, nínú ọkọ̀ tó ń gbé èrò tó lé ní 2,600! Opó àti ẹni tó dàgbà pọ̀ nínú àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀, àwọn tí ẹ̀rù bàálù ń bà tàbí tí dókítà ní kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Ó ń dùn mí wọra bí mo bá ń sọ iye tí wọn yóò san fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, Olóòtú, bí ìwé ìròyìn yín bá tún fẹ́ kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá wa bi àwọn iléeṣẹ́ léèrè ìdí tí wọn kò fi lè sọ òtítọ́ fún oníbàárà lójú ìwé: pé súùtì yìí ti ní olówó, tàbí pé a ṣì dì í mú fún ìrìn-àjò gígùn, tàbí pé ó wà fún ẹni méjì ṣùgbọ́n kò lè gba mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà wọn mọ ìyàtọ̀ náà. Àwa ẹ́jẹ́ńtì ń rí díẹ̀ nínú rẹ̀, oníbàárà kò rí nǹkan kan, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń rò pé àwa la fi yàrá pamọ́.

Ohun kan péré ló kù, torí àwọn òǹkàwé yín tó ní ajá. Queen Mary 2 ń gbé ajá àti ológbò lórí ìrékọjá yìí, ṣùgbọ́n ilé ẹran ọ̀sìn 24 péré ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń tán ṣáájú súùtì, nígbà púpọ̀ ní ọdún kan ṣáájú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gba àyè ajá, kí ó wá jẹ́ kí ọjọ́ tí ajá bá rí àyè sí yan súùtì fún òun.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ẹ́jẹ́ńtì kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín