Ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé tí ẹ ṣe nílé wa ní Bódìjà

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ìbàdàn.

Ọ̀gá mi,

Mo kí yín o. Èmi ni oníbàárà tó gbé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá wa ní Bódìjà àtijọ́ fún yín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ẹni tí ẹ rán wá wo ilé pé a fẹ́ ta ilé náà, pé ajẹ́ǹtì sọ pé ẹ̀yìnkùlé tó ti di igbó ló ń lé àwọn tó ń wá wò ó, àti pé owó tí àwa ọmọ dá jọ kò pọ̀. Ẹ ní ₦320,000 yóò pa koríko ẹ̀kan tó wà lórí ilẹ̀ náà run, yóò tẹ́ koríko kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, yóò sì to íńtálọ́ọ̀kù láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì dé ìdí kànga. A san gbogbo rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín fi àdá bẹ́ ẹ̀kan láàárọ̀, wọ́n fín oògùn apakoríko sórí kùkùté rẹ̀ lọ́sàn-án, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n tẹ́ koríko tuntun lé e. Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Irú oògùn tí wọ́n lò, ewé ló ń gbà á kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Bí wọ́n bá ti gé ewé dànù, kí ló kù tí yóò gba oògùn? Abẹ́ ilẹ̀ sì ni agbára ẹ̀kan wà: gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó mú ṣóńṣó, ó ń rìn kiri, èyí tó bá já síbẹ̀ tún ń hù. Ìgbà tí ewé ṣì tutù ló yẹ kí wọ́n fín in, kí wọ́n fún un ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kó gbẹ, kí wọ́n wá fi ọkọ́ wa gbòǹgbò náà jáde. Ní báyìí ẹ̀kan ti gún koríko kápẹ́ẹ̀tì jáde káàkiri, a kò sì lè fa ọ̀kan láìhú èkejì.

Ti íńtálọ́ọ̀kù ló dùn mí jù. Ẹ kò da yanrìn sí abẹ́ rẹ̀, ẹ kò lu ilẹ̀ mọ́lẹ̀, orí erùpẹ̀ rírọ̀ lẹ tò ó sí. Òjò ńlá àkọ́kọ́ ló rì í. Ìdàgẹ̀rẹ́ rẹ̀ tún kọjú sí ògiri ilé dípò gọ́tà. Kí ẹ tó dé, omi máa ń gba ẹ̀yìn kànga ṣàn lọ; ara ògiri yàrá ìyá wa ló ń dúró sí báyìí. Ẹnì kan wá wo ilé lẹ́yìn òjò, ó fẹ́ràn inú ilé gan-an. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ó bá omi tó rogún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀, ó ní ṣé ilé náà ń fa omi ni. Mo ṣàlàyé títí, ó ti gbà pé a ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Kò pè wá mọ́. Ilé tí bàbá wa fi owó iṣẹ́ tíṣà kọ́, iṣẹ́ yín ló sọ ọ́ di ilé tí èèyàn ń fura sí.

Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní òjò ló fà á. Òjò kọ́ o. Ẹni tó bá ń to íńtálọ́ọ̀kù n'Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ti ro òjò mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ wá ká íńtálọ́ọ̀kù náà, kí ẹ da yanrìn síbẹ̀, kí ẹ lù ú mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì darí omi sí gọ́tà, láì gba kọ́bọ̀. ₦120,000 tí ẹ kọ sí ìwé owó fún ẹ̀kan àti koríko, ẹ dá a padà. A ó wá àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Abala 130 nínú òfin Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ tí kò dáa tún un ṣe, tàbí kó dá iye tó yẹ padà nínú owó. Bí n kò bá gbọ́ yín láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Fọ́tò àti ẹ̀dà rìsíìtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí náà ẹ pè mí kí ẹ tó máa bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín ní Bódìjà.