Ẹ̀yin Onígbàjámọ̀, Ẹ Yé Yí Ọrùn Oníbàárà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àṣà kan ń kọ àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ iṣan àti eegun lóminú. Bí onígbàjámọ̀ bá gẹrun tán, á fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n oníbàárà mú, á fi èkejì di ìpàkọ́, á wá já orí náà yí lójijì: pọ́kọ́! Á tún yí i sí òdìkejì. Oníbàárà á ní ara òun ti fúyẹ́.

Ariwo yẹn kì í ṣe ti eegun tó padà sáyè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ni, irú èyí tó ń dún bí a bá fa ìka ọwọ́. Ewu ibẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun. Eegun ọrùn jẹ́ 7. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló ń gba inú ihò tó wà lára àwọn eegun náà gòkè lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ. Lókè pátápátá, níbi tí orí ti ń yí gan-an, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n ń gbà wọ agbárí. Bí a bá já orí yí, awọ inú iṣan náà lè ya. Ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀. Bí èyí tó dì bá já, á lọ dí ọ̀nà nínú ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ó sì lè mú ọ̀dọ́ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru rárá. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò sí onígbàjámọ̀ tó lè fojú mọ ọrùn tí yóò ṣẹlẹ̀ sí.

Ó lè di wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn, ìdí nìyẹn táwọn ẹbí fi ń sọ pé ayé ló ṣe é. Bí ìpàkọ́ bá ń dun ènìyàn lápá kan lọ́nà tí kò dùn ún rí, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń rí nǹkan kan ní méjì, tí ahọ́n ń lọ́, tàbí tó ń ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí, ẹ má tún wọ́ ọrùn náà. Ẹ má fún un ní omi tàbí àgbo, torí ó lè má lè gbé nǹkan mì mọ́. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ CT, èyí tó ń ya àwòrán inú orí, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá. Láàárín wákàtí 4 àtààbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń lo oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ sọ fún dókítà pé wọ́n yí i lọ́rùn, kí wọ́n lè wo iṣan ọrùn náà.

Ọrùn tó kàn gan torí ìrọ̀rí gíga tàbí fóònù, aṣọ ìnura tí a rì bọ omi gbígbóná, tí a fún dáadáa, ni ká gbé lé e fún ìṣẹ́jú 15. Ká wá máa fúnra wa yí i díẹ̀díẹ̀, dé ibi tí kò bá ti dùn.

Ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ẹ jọ̀ọ́, èjìká ni kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́. Ẹ fi orí sílẹ̀.

Àwa oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì kan,
Ìbàdàn.