Ọkọ̀ Tó Máa Jókòó Lo Fẹ́ Rà

Òkè Ajé,
Ìjẹ̀bú-Òde.

Bàbá Ìbejì, ọmọ Alárè,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà dáadáa níbí. Màmá ní kí n bi ọ́ bóyá gààrí tí wọ́n fi rán ẹni tó ń bọ̀ dé ọwọ́ rẹ, àbí ojú ọ̀nà ló ti mu ún.

Mo rí fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì lórí WhatsApp, mo sì gbọ́ ohùn tí o gbà sílẹ̀. Inú mi dùn pé o rántí pé rewáyà lọ̀rẹ́ rẹ, torí àwọn yòókù tí o ti bi léèrè, ẹnu ni wọ́n fi ń wakọ̀.

O ní kí n yan ọ̀kan fún ọ nínú méjì tí o fẹ́ rà lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, kí o sì fi ránṣẹ́ sílé: Toyota Supra, coupe tó ní òrùlé gidi, àbí BMW Z4, convertible tí òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn. Ìbejì ni wọ́n, bíi ti inú ilé rẹ. Ilé iṣẹ́ kan náà, ti Magna Steyr ní ìlú Graz lórílẹ̀-èdè Austria, ni wọ́n ti ṣe àwọn méjèèjì. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, mítà 2.47 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì BMW oní-sílíńdà mẹ́fà, lítà mẹ́ta, ló wà nínú èyí tó lágbára jù nínú wọn, agbára ẹṣin 382 sì ni wọ́n kọ sí Supra àti Z4 lọ́dọ̀ yín láti àwòṣe 2021. Búùtù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: lítà 290 fún Supra, 281 fún Z4, yálà òrùlé Z4 wà lókè tàbí ó ti ká. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún ọ pé eré ọ̀kan ju ti èkejì, jẹ́ kó máa wí. Orí òrùlé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

O tún ní Toyota ni Supra, pé mẹ́káníìkì tó bá mọ Camry á mọ̀ ọ́n. Rárá o! Orúkọ lásán ni. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wáyà BMW ni wàá bá níbẹ̀, kọ̀ǹpútà BMW ni. Ẹni tó ń ta páátì Corolla ní Ládípọ̀ kò ní ohun tí yóò tà fún ọ. Ẹ̀rọ tí mo fi ń yẹ BMW wò ni màá fi yẹ òun náà wò. Ní ti àtúnṣe, kò sí èyí tó sàn ju èkejì.

Àwọn èèyàn rò pé torí òjò nìkan ni òrùlé ọkọ̀ ṣe wà. Irin yẹn ló so iwájú ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn láti òkè. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń di gbogbo ara mú, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń kó irin kún abẹ́ àti ìhà ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń mú kí férémù gíláàsì iwájú nípọn, tí wọ́n sì ń fi irin sẹ́yìn ìjókòó nítorí ọjọ́ tí ọkọ̀ bá lọ dojú dé. Ohun tó mú Z4 wúwo ju Supra nìyẹn, bẹ́ẹ̀ aṣọ ló wà lórí rẹ̀. Mo gbà pé Z4 ìsinsìnyí le dáadáa, kò rí bí àwọn ti àtijọ́. Lójú títì Texas, o lè má mọ̀ rárá pé nǹkan kan dín. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí táyà iwájú kan já sí kòtò lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Bìní, ara ọkọ̀ tó ń ká orí ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ. Gíláàsì iwájú á gbọ̀n rìrì. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í han, rọ́bà etí òrùlé kò sì ní pàdé ara wọn mọ́ bó ṣe yẹ. Omi á wá ráyè wọlé.

Jẹ́ kí n sọ ti omi dáadáa, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ mi wà. Òrùlé aṣọ kì í lé gbogbo omi dànù. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé díẹ̀ á gba etí wọlé, wọ́n sì ti lànà fún un: ihò kéékèèké wà lẹ́yìn ìjókòó tó gba inú rọ́bà lọ sí abẹ́ ọkọ̀. Bí ihò náà bá là, kò sí wàhálà. Àmọ́ ta ni yóò máa gbọ́n ewé? Abẹ́ igi máńgòrò bàbá rẹ lo ní kí n máa gbé ọkọ̀ sí. Ewé máńgòrò, òdòdó rẹ̀, àti eruku ọyẹ́, gbogbo wọn á wọnú ihò yẹn lọ, òjò àkọ́rọ̀ á sì pò wọ́n di ẹrẹ̀.

Ẹnì kan gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi nígbà òjò September. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ó ní òrùlé kò ká mọ́, ó dá a lójú pé fíúsì ni. Mo yẹ fíúsì wò, fíúsì wà láàyè. Mo tẹ bọ́tìnnì, mi ò gbọ́ kíní kan. Nígbà tí mo tú aṣọ ẹ̀yìn ìjókòó, mo bá mọ́tò tó ń gbé òrùlé nínú omi, ó ti dípẹtà pátápátá. Ewé ló dí ihò, ibi tí omi ń gbà kọjá gan-an ni wọ́n sì fi mọ́tò sí. Bóyá níbi tí wọ́n ti ronú èyí, òjò wọn kì í pọ̀ tó tiwa. Òrùlé ọ̀hún kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, ó gbé apá kan sáfẹ́fẹ́, òjò sì ń ṣú bọ̀ láti ìhà Ẹ̀pẹ́. Tapólì la fi bò ó. Ó pẹ́ nínú ọgbà mi kí páátì tó dé láti Jámánì, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ti sọ ọ́ lórúkọ kí ó tó kúrò.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ wá nìyí. Nínú gbogbo àlàyé rẹ, o sọ̀rọ̀ eré, o sọ̀rọ̀ atẹ́gùn, o sọ bí yóò ṣe hàn nínú fọ́tò. O kò dárúkọ oṣù mọ́kànlá. Ìgbà Iléyá ni wàá dé, wàá wà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wàá sì padà. Ọkọ̀ tó máa jókòó lo fẹ́ rà, kì í ṣe èyí tó máa sáré, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ á wà. Bí ọkọ̀ olórùlé irin bá jókòó pẹ́, bátìrì rẹ̀ á kú, atẹ́gùn táyà á lọ sílẹ̀, epo inú táńkì á gbó. Ọ̀sán kan tó mi láti tún gbogbo ìyẹn ṣe. Bí olórùlé aṣọ bá jókòó pẹ́, rọ́bà á gbẹ, inú á bu, á máa rùn, oòrùn á pa àwọ̀ dúdú rẹ̀ dà, èkúté á sì rí ibi rírọ̀ bímọ sí. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Mo mọ̀ pé Ojúde Ọba ló wà lọ́kàn rẹ. O ti rí ara rẹ láàárín ẹgbẹ́ wa, òrùlé ti ká, aṣọ òkè ń dán, o ń juwọ́ síbí, o ń juwọ́ sọ́hùn-ún. Wo kàlẹ́ńdà ná. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, ọdún àwọn Mùsùlùmí sì fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju èyí tí a ń kà. Ní 2023, ó bọ́ sí 30 June. Ní 2024, 18 June. Ní 2025, 8 June. Ìgbà òjò gan-an nìyẹn nílẹ̀ wa. Ó ń padà sẹ́yìn lọ́dọọdún lóòótọ́, nígbà tó bá fi di 2035, oṣù February ni yóò wà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí o bá lè dúró dìgbà yẹn, èmi fúnra mi á bá ọ dá sí owó Z4.

Ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n sì ń wò lọ́jọ́ náà. Farooq Oreagba tí gbogbo ayé ń pín fọ́tò rẹ̀ ní 2024, orí ẹṣin ló wà. Ẹsẹ̀ ni ẹgbẹ́ fi ń wọlé síwájú Kábíyèsí, àwọn ìdílé Balógun ló ń gun ẹṣin. Ibi tí ọlọ́pàá bá dí ọ̀nà sí ni ọkọ̀ rẹ máa dúró sí, wàá sì bá wa fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn.

Nǹkan kan wà tí Z4 fi borí o, gèlè ni. Wọ́n gbé òrùlé Supra sókè díẹ̀ lókè orí awakọ̀ àti lókè orí ẹni tó jókòó tì í, kí orí má bàa kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kò tíì rí gèlè Ìjẹ̀bú rí. Ìyá Ìbejì á ní láti tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ ó fi dé òde àríyá, tàbí kó máa wé e nígbà tó bá débẹ̀. Nínú Z4 tó ṣí, gèlè á dúró bó ṣe wù ú, bí ẹ kò bá ti sáré. Bí ẹ bá sáré, fìlà rẹ ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Èyí tó kù kò gùn. Bí o bá wà lẹ́yìn àgbégilódò tó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀, nínú ọkọ̀ kúkúrú tí kò lórí, ìwọ lo máa fa gbogbo èéfín rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán máa ń sun ìjókòó aláwọ débi pé wàá kọ́kọ́ ta omi sí i. Olè kò nílò ju abẹ lọ láti wọlé.

Má rò pé mo kórìíra rẹ̀ o. Nígbà tí mo tún ọkọ̀ ọjọ́sí ṣe tán, mo gbé e jáde láti dán an wò, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù January ni, mo gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Bàbá Ìbejì, mo gbọ́ òórùn gààrí tí wọ́n ń yan. Mo gbọ́ ìpè ìrun Màgàríbì láti mọ́ṣáláṣí kan dé òmíràn, èyí kò tíì tán tí ìyẹn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan pe orúkọ mi láti ìsọ̀ ẹran, mo sì dá a lóhùn láì dúró. Nínú ọkọ̀ olórùlé, A.C. nìkan ni wàá máa gbọ́. Supra tiẹ̀ burú níbẹ̀: sọ gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀ kí o sì tẹ iná díẹ̀, atẹ́gùn á máa lù ọ́ létí gbùú-gbùú, àwọn tó ní in níbi gbogbo ló ń ráhùn rẹ̀.

Síbẹ̀, Supra ni kí o rà. Ká ní o ń bọ̀ wálé pátápátá ni, ohun mìíràn ni mi ò bá sọ. Bí ọkàn rẹ kò bá sì kúrò lórí atẹ́gùn, fi Z4 sílẹ̀, wá Mazda MX-5, èyí tí ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Láti 1989 tí wọ́n ti gbé e jáde ni wọ́n ti ṣe é fún ṣíṣí orí, àwòṣe tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2015 kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 1,060 lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká òrùlé aṣọ rẹ̀. O tú ìdè kan lókè gíláàsì, o tì í sẹ́yìn, ó parí. Òrùlé Z4 ń ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kódà nígbà tí ọkọ̀ ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ó wuni púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wuni níbẹ̀ ló ní mọ́tò àti wáyà. Yẹra fún MX-5 tí wọ́n kọ RF sí, òrùlé líle ni tirẹ̀, iná ló ń gbé e. Ihò omi wà lára MX-5 náà, ìyẹn nìkan ni màá máa gbọ́n.

Èyíkéyìí tí o bá rà, gbogbo wọn ló kúrú, búm̀pù tí àwọn ará àdúgbò fi símẹ́ǹtì mọ fúnra wọn á máa fá wọn nísàlẹ̀. Supra kò ní sípíà táyà, ra táyà kan pọ̀ mọ́ ọn.

Houston tí o wà, ìlú omíyalé ni. Nígbà tí ìjì Harvey dé ní 2017, Supra tuntun yìí kò tíì jáde, ṣùgbọ́n Beryl ti 2024 bá a láyé. Ka ìwé ọkọ̀ dáadáa, bí o bá rí “salvage” (ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ gan-an) tàbí “flood” (èyí tí omíyalé ti bò) níbẹ̀, má dúró gbọ́ àlàyé. Nínú kọ̀ǹténà ni kí o fi ránṣẹ́. Àbúrò rẹ tó wà ní London tó ní tọ̀hún dínwó, dá a dúró: apá ọ̀tún ni síárìn wọn wà, ọwọ́ ọ̀tún títì la sì ti ń gbà láti 2 April 1972. Wọn kì í gbà á wọlé.

Ìjókòó méjì péré ló wà nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo dárúkọ yìí. Níbo ni àwọn ìbejì á jókòó? Bí Ìyá Ìbejì bá bèèrè, sọ fún un pé Mustang wà, ó ní ìjókòó ẹ̀yìn, ní 1964 ni olórùlé rẹ̀ àti èyí tó ń ká orí sì ti kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba àgbàlagbà, ó gba ọmọdé.

Fi VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, ránṣẹ́ kí o tó san kọ́bọ̀. Mo ti ní kí káfíńtà wá wọn ibi tí a máa ta páànù sí lẹ́bàá ògiri, níbi tí máńgòrò kò dé. Owó páànù ń lọ sókè, tètè dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Rewáyà rẹ.