Ojú Tí Ó Rí Bọ́ọ̀lù Ikpeba

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní Sùúrùlérè kò ní gbàgbé ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000. Ní pápá ìṣeré tí ó wà ládùúgbò wa yìí ni Super Eagles ti bá Kamẹrúùnù gbá àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n fi góòlù méjì ṣíwájú wa, Raphael Chukwu àti Okocha dá méjèèjì padà, ọ̀rọ̀ sì di ti pẹnárítì. Èyí tí Victor Ikpeba gbá lu igi òkè, ó balẹ̀ kọjá ilà, ó sì ta jáde. Adájọ́ ní kò wọlé, a sì pàdánù ife náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ bọ́ọ̀lù yẹn lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, nínú dánfó, àti, kí n má purọ́, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí lẹ́yìn ìpàdé àwọn ọkùnrin. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran kedere lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo bá àwọn ọ̀dọ́ wa jókòó ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. (Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ fọwọ́ wọ́nú, mo ti parí ìwàásù kí n tó lọ.) Bọ́ọ̀lù jáde lára agbábọ́ọ̀lù tiwa, adájọ́ sì ṣèèṣì fún wa ní kọ́nà, kọ́nà náà ni a sì gbá wọlé. Mo fò sókè, mo kígbe ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan rọra bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ ò rí i pé ara tiwa ni bọ́ọ̀lù ti jáde ni?” Mo ní adájọ́ ti dájọ́. Ìdáhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, nítorí adájọ́ ọdún 2000 náà dájọ́, a kò sì tíì gbà fún un títí di òní.

Ìwé Òwe 20:10 pe onírúurú òṣùwọ̀n ní ìríra lójú Olúwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí mọ̀ pé kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, títà ni wọ́n máa ń lò ó fún, wọn kì í gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń rajà. Bí kọ̀ndọ́ bá di 200 náírà wa mú ní Ojúẹlẹ́gba, gbogbo ọkọ̀ ni yóò gbọ́. Bí ó bá ṣèèṣì fún wa ní ṣéńjì tí ó lé, wẹ́rẹ́ ni a ó bọ́ sílẹ̀. Arákùnrin kan tilẹ̀ fẹ́ fi irú rẹ̀ jẹ́rìí níwájú ìjọ. Mo ní kí ó jókòó ná.

Ọdún kan géérégé ṣáájú ọjọ́ Ikpeba, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1999, Kanu Nwankwo kọ́kọ́ wọ pápá fún Arsenal, nígbà tí wọ́n ń bá Sheffield United gbá ife FA. Aṣọ́lé Sheffield gbá bọ́ọ̀lù síta kí wọ́n lè tọ́jú ẹni tí ó farapa. Ray Parlour jù ú padà sí wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà, ṣùgbọ́n Kanu, tí kò mọ ohun tí ó ń lọ, sáré gbà á, ó gbé e fún Overmars, ó di góòlù. Arsenal borí pẹ̀lú 2 sí 1. Òfin kò sọ pé wọ́n jẹ̀bi, síbẹ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Arsène Wenger, fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà pé kí àwọn tún un gbá. Wọ́n tún un gbá, 2 sí 1 náà ni wọ́n tún fi borí. N kò fi èyí ṣe ẹ̀rí pé òtítọ́ máa ń lérè, nítorí wọ́n lè pàdánù, Wenger sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó la ẹnu.

Mo ti lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin wa náà, mo sì jẹ́wọ́ fún un pé mo rí bọ́ọ̀lù náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀, nítorí ojú mi ni òun ń wò kí n tó kígbe.

Olùṣọ́-àgùntàn yín