Ta Ló Ní Kí Wọ́n Máa Di Tòmátò Bí Ẹ̀bùn Kérésì?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín àmọ́ mi ò kọ̀wé sí yín rí. Ọkọ mi ló ní dípò kí n máa ráhùn sí òun létí lójoojúmọ́ lórí ọ̀rọ̀ tòmátò, kí n kúkú kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde kí òun lè ráyè wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wò ó, mo ti kọ ọ́ báyìí.

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí ni òjò dá mi dúró ní Ìkẹjà. Mo ti mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe máa dé Mile 12 kílẹ̀ tó ṣú, ni mo bá yà sí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan, ẹ má bi mí léèrè èwo. Mo mú tòmátò mẹ́fà tí wọ́n tò sínú àwo fóòmù funfun, wọ́n wá fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fà á le lórí bí awọ ìlù, ó ń dán, ó pọ́n, ó wu ojú. Mo délé mo fi ọ̀bẹ la ọ̀rá yẹn, òórùn kan báyìí ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Méjì nínú tòmátò yẹn, ibi tó ti rà lára wọn ni wọ́n dà bolẹ̀ kójú má baà rí i, omi ti ṣe jọ́jọ́ sídìí fóòmù, ọ̀kan tiẹ̀ ti bu, ó hu irun funfun.

Tó bá jẹ́ ọjà ni, ta ló máa ṣe irú ẹ̀ fún mi? Màá ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, màá yí i síbìí yí i sọ́hùn-ún, ìyá aláta á ní "ẹ má fọwọ́ tẹ̀ mí lọ́jà pa o", èmi náà á ní ṣebí owó ni mo fẹ́ fi rà á, a máa jọ rẹ́rìn-ín, ó á sì sọ méjì lé e fún mi bí ènì. Ọ̀rá yìí ni ò jẹ́ kí n lè tẹ nǹkan kan. Wọ́n ní torí ìmọ́tótó ni. Ìmọ́tótó wo nínú tòmátò tó hu irun?

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan tó ń bí mi nínú gan-an. Lóṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde látẹnu kọmíṣọ́nà ọ̀rọ̀ àyíká, Tokunbo Wahab, pé àwọn ò fẹ́ rí fóòmù mọ́, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń tà á tàbí tó ń lò ó. Mo rántí dáadáa torí obìnrin tó ń ta ìrẹsì níwájú ilé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àpótí fóòmù méjì lọ́sẹ̀ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n tún wá ní láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, ọ̀rá tí kò nípọn, sítúrọ̀, ife àti ṣíbí alòsọnù, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ kásẹ̀ ńlẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò bá ìjọba jà, gọ́tà àdúgbò wa ní Kétu yìí, tí òjò bá rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú fóòmù ló máa kọ́kọ́ léfòó wá kí wa nílé. Onírẹsì wa ti padà sí ewé, àwọn oníbàárà ẹ̀ ń gbé kúlà wá fúnra wọn. Àmọ́ ẹ wo súpámákẹ́ẹ̀tì tí mo yà sí, fóòmù rọ̀ǹdọ̀rọ̀ndọ̀ lórí sẹ́ẹ̀fù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ilá nínú fóòmù, ata rodo mẹ́wàá nínú fóòmù, ẹ̀fọ́ ṣọkọ nínú fóòmù. Àbí fóòmù tó bá ti wọ ilé oníẹ́ẹ́síì kì í ṣe fóòmù mọ́ ni?

Mo fojú ara mi ka ọ̀rá tí mo gbé délé lọ́jọ́ náà. Nǹkan máàrún ni mo rà. Ọmọ tó dúró nídìí òṣùwọ̀n ju kárọ́ọ̀tì mẹ́ta sínú ọ̀rá kan, ó so ó, ó lẹ sìtíkà mọ́ ọn. Àlùbọ́sà méjì, ọ̀rá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ti fi èèpo di, òun náà wọ ọ̀rá. Ewédú ti wà nínú ọ̀rá tẹ́lẹ̀, tòmátò ti wà nínú tiẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó, ó kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá ńlá, ó ní ó lè já, ó tún fi òmíì wọ̀ ọ́. Ọ̀rá méje àti fóòmù kan nítorí nǹkan ọbẹ̀ ọjọ́ méjì.

Ewédú yẹn náà, ẹ jẹ́ n sọ tiẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀fù tútù ló wà, tútù rẹ̀rẹ̀, bó ṣe bọ́ sí ooru ìta báyìí ni ọ̀rá ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú, kí n tó jókòó sínú danfo omi ti ń kán lára ẹ̀. Mo gbàgbé ẹ̀ sínú ọ̀rá mọ́jú torí iná ò sí, ó di dúdú, ó ń yọ̀ kí n tó já a pàápàá.

Obì ni ìyá mi tà ní Ṣàgámù títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Ẹni tó bá mọ obì á mọ̀ pé nǹkan tútù ni, síbẹ̀ ó lè lo oṣù mélòó kan nínú agbọ̀n kí ojú ẹ̀ ṣì máa dán. Tí wọ́n bá bó o tán, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹmi, wọ́n á fi ewé gbòdògì tẹ́ inú agbọ̀n yíká, wọ́n á da obì sí i, wọ́n á tún fi ewé bò ó lórí. Ewé yẹn ò gbọ́dọ̀ gbẹ jù, kò sì gbọ́dọ̀ rin jù. Tó bá ti ń gbẹ ìyá mi á ní ká lọ já tuntun, á tú gbogbo obì sórí ẹní, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má kó ran ìyókù, ọwọ́ wa á máa run obì dọjọ́ kejì. Ìyá mi á máa wí fún wa pé nǹkan tútù ń mí bí èèyàn, tẹ́ ẹ bá fún un lọ́rùn ó máa kú síbẹ̀. Màmá ò kàwé o. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣàlàyé fún wa pé èso tí wọ́n ti já lórí igi ṣì ń mí, pé ooru àti omi ń jáde lára ẹ̀, mo kàn ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní ìyá yìí fẹ́ dá wa padà sáyé àtijọ́. Rárá o. Lọ́dún 2019, súpámákẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Rimping ní ìlú Chiang Mai lórílẹ̀-èdè Thailand bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ di ẹ̀fọ́ àti ata, wọ́n fi oparun tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́ so ó, wọ́n lẹ sìtíkà iye owó mọ́ ewé. Fọ́tò ẹ̀ yí gbogbo ayé ká, kò pẹ́ táwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ní Vietnam náà ń ṣe é. Ọmọ mi ló fi hàn mí lórí fóònù ẹ̀, ó ní "Mọ́mì, ẹ wo nǹkan tuntun!" Tuntun kẹ̀? Àwa tá a ń fi ewé di ẹ̀kọ, tá a ń fi di mọ́ínmọ́ín, tá a ń fi di irú, tá a ń bu ọ̀fadà lé lórí. Ó wá di ìgbà tí ará Thailand ṣe é ká tó mọ̀ pé ó dáa.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan lewé lè dì, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ kórìíra ike. Ẹ lọ wo lọ́rì tòmátò tó ń bọ̀ láti òkè Ọya, agbọ̀n lórí agbọ̀n, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti di ọbẹ̀ kó tó dé Mile 12, omi ẹ̀ á máa kán sílẹ̀ lójú títì. Kíréètì oníke tó le, tí wọ́n lè tò lérí ara wọn kó má tẹ tòmátò, tó sì ń padà lọ sóko láti tún kó òmíì wá, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo wọn máa lò. Ike tó ń lọ tó ń bọ̀ fún ọdún gbọọrọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀rá tí wọ́n ya lẹ́ẹ̀kan tó di ìdọ̀tí. Kúkúńbà náà, mo gbà pé tí wọ́n bá fi ọ̀rá wé e kì í tètè rọ, omi ara ẹ̀ kì í tètè gbẹ. Àbúrò mi tó wà ní Peckham ní London fi ìyẹn bá mi jiyàn títí. Àmọ́ WRAP, àjọ kan tó ń gbógun ti ìfiṣòfò ní Britain níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2022, wọ́n wo ápù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, bùrókólì, kúkúńbà àti ọ̀dùnkún, wọ́n ní ọ̀rá tí wọ́n fi ń dì wọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí wọ́n pẹ́ sí i, pé kéèyàn ra ìwọ̀n tó máa jẹ kó sì gbé e sí fíríìjì tó tutù dáadáa ló ṣe kókó. Ẹ ẹ̀ rí i, ẹni tó bá di ápù mẹ́fà pọ̀ fún mi nígbà tó jẹ́ méjì ni mo nílò, ó ti ṣètò bí mẹ́rin ṣe máa bàjẹ́ nílé mi nìyẹn, pàápàá níbi tí iná ọba ti ń lo ọjọ́ méjì kó tó yọjú.

Faransé ní tiwọn ṣòfin fún un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022 wọn ò gbọ́dọ̀ fi ike tàbí ọ̀rá di nǹkan bí ọgbọ̀n irú èso àti ẹ̀fọ́ tí kò bá ti tó kìlò kan àtààbọ̀. Àwọn tó ń ṣe ọ̀rá pẹjọ́, ilé ẹjọ́ fagi lé ìlànà yẹn níparí ọdún náà, ìjọba tún gbé òmíì jáde lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ tún fagi lé ìyẹn náà lọ́dún 2024. Ìyẹn ni pé ìjà ni, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n máa kéde lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n wá lọ sùn.

Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń wá ra ike àti páálí ládùúgbò wa. Mo ti to àwo fóòmù jọ sẹ́yìn ilé, mo fọ̀ wọ́n mọ́, mo ní kó wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní "Mọ́mì, ta ló máa rà á lọ́wọ́ mi?" Ó gbé ike omi ẹ̀ kọ́rùn, ó lọ. Fóòmù yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Mo tún padà lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí mo mú àpò aṣọ tèmi dání, mo ní mi ò ní gba ọ̀rá kankan. Síkọ́ríítì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àpò ò gbọ́dọ̀ wọlé, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní nọ́ńbà 14. Mo wọlé, mo ní kí ọmọ ìdí òṣùwọ̀n lẹ sìtíkà mọ́ ara àlùbọ́sà, ó ní wọ́n á lé òun lẹ́nu iṣẹ́. Mo dé ibi ìsanwó, mo ní mi ò gba ọ̀rá, àpò mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé wọ́n lè jẹ́ kí n lọ gbé e? Wọ́n ní rárá, ọjà ò lè jáde láìsí nínú ọ̀rá. Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi ti ń pòṣé, arákùnrin kan ní "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rá lásán." Mo gba ọ̀rá. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà, mo fún síkọ́ríítì ní nọ́ńbà 14, mo da ọjà mi sínú àpò mi lójú ẹ̀, mo fún un lọ́rá ẹ̀ padà. Kò mọ ibi tó máa jù ú sí.

Torí náà olóòtú, ẹ bá mi rán ọ̀kan nínú àwọn oníròyìn yín lọ bá àwọn ọ̀gá súpámákẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí. Kó bi wọ́n ní méjì péré. Kí ló dé tí òṣùwọ̀n wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn àlùbọ́sà láìwọ ọ̀rá? Kí sì ni àpò mi ṣe tó fi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà?

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, Kétu, Èkó.