Olúmìdé, ta ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn?

Olúmìdé ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Báwo ni òtútù yẹn? Mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtù tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, mo gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo tún tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí kí n tó fọ ẹnu. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ nǹkan tó o sọ o, ibi tó o ti rẹ́rìn-ín yẹn ni mo ń padà sí. O ní bàbá arúgbó tó ń gbé nísàlẹ̀ yín gbé oúnjẹ wá, ó kan ilẹ̀kùn, lo bá pa iná, o jókòó sínú òkùnkùn títí ó fi lọ, o tiẹ̀ ní o sé èémí rẹ kó má baà gbọ́. Lo wá rẹ́rìn-ín. Àjàní, ẹ̀rín yẹn ò dénú, èmi ni mo bí ọ.

O ní "Mọ́mì, mo wà dáadáa jàre," iṣẹ́ ń lọ, owó ń wọlé, fíríìjì kún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n èmi ò béèrè fíríìjì lọ́wọ́ rẹ. Mo béèrè ẹni tó o bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, o ní kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin ọmọ yìí máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí adìẹ bá ké nínú ilé yìí Mọ́mì á ní ó wà nínú ìwé kan. Ẹ ò purọ́. Ọdún 31 tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní lítíréṣọ̀ kò lè ṣàì fi nǹkan sí èèyàn lágbárí. Torí náà fara dà á fún mi lónìí, ìwé náà ni mo fẹ́ fi bá ọ sọ̀rọ̀, torí tí n bá ní kí n sọ ọ́ lásán, o máa ní Mọ́mì ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣó o rántí Robinson Crusoe? Èyí tí èèpo rẹ̀ ya tí bàbá rẹ fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ yẹn. Daniel Defoe ló kọ ọ́, ọdún 1719 ló jáde, ó ti lé ní 300 ọdún. Ọkùnrin kan ni, ọkọ̀ òkun rẹ̀ fọ́, ó wá dá nìkan wà ní erékùṣù tí kò sí èèyàn. Gbogbo èèyàn rò pé ìwé ọkùnrin tó dá nìkan ṣe ohun gbogbo ni, ó kọ́lé fúnra rẹ̀, ó gbin ọkà, ó sin ewúrẹ́, ó fi amọ̀ mọ ìkòkò, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Bí èmi náà ṣe kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, màá dúró níwájú kíláàsì màá ní ẹ wò ó, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í tini. Àṣìṣe ni mo ṣe o. Ẹ̀yìn tí bàbá rẹ kú ni mo tún un kà, ìwé mìíràn ló dà lójú mi.

Crusoe yìí ní ayékòótọ́ kan tó kọ́ ní ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan omi òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun àtọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó ṣòro kó tó rí ilẹ̀ padà, ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn lọ. Lójú oorun ló gbọ́ tí ẹnì kan ń fi orúkọ pè é, Robin Crusoe, níbo lo wà, níbo lo ti lọ? Ó ta jí, ẹ̀rù bà á gidigidi, ta ló mọ orúkọ òun níbí? Àṣé ayékòótọ́ ni. Ó dùn mọ́ ọn o, àmọ́ ibi tó ti dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ ìdárò yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ti máa ń sọ ọ́ fún ẹyẹ yẹn tí ẹyẹ fi kọ́ ọ. Ọdún ń gorí ọdún, ohùn kan ṣoṣo tó ń béèrè rẹ̀ ní gbogbo erékùṣù yẹn, ohùn òun náà ni, tó gba ẹnu ẹyẹ padà wá bá a.

Tó o bá ní kọ̀ǹpútà lò ń bá sọ̀rọ̀, ayékòótọ́ yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ó ti lo ọdún 15 níbẹ̀ kò rí òjìji èèyàn, ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ èèyàn nínú iyanrìn. Ẹsẹ̀ kan o, kì í ṣe méjì, ọmọ ìka rẹ̀ hàn, gìgísẹ̀ rẹ̀ hàn. Ìwọ sọ fún mi, kí ló yẹ kó ṣe? Mo máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì, gbogbo wọn á ní á pariwo, á máa jó. Rárá. Eré ló sá. Ó ń sá ó ń bojú wẹ̀yìn, gbogbo kùkùté igi di èèyàn lójú rẹ̀, kò mọ ọ̀nà tó gbà wọlé, kò rí oorun sùn lóru yẹn. Ó tiẹ̀ ń rò ó pé kóun wó ọgbà tóun fọwọ́ ara òun kọ́, kóun tú àwọn ewúrẹ́ sígbó, kóun hú oko òun dànù, kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀. Lóòótọ́ ẹ̀rù àwọn tó ń jẹ èèyàn ń bà á, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ. Àmọ́ ẹni tó ti ń sunkún pé òun ò rí èèyàn ni, òun náà ló wá ń sá fún ẹsẹ̀ lásán.

Gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tó ti lé ní ogún ọdún níbẹ̀, ọkọ̀ kan fọ́ létí erékùṣù yẹn, kò sẹ́ni tó là níbẹ̀ tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló dúró tó ń ké pé ì bá ṣe ẹnì kan péré, ẹnì kan ṣoṣo ni ì bá yọ! Ó ní bóun ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ òun á máa di ẹ̀ṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé ká ní nǹkan tó rọ̀ wà lọ́wọ́ òun ni, òun ì bá ti rún un láìmọ̀.

Àjàní, ọkùnrin kan náà ni o. Ẹni tó bá pẹ́ ní òun nìkan, ara rẹ̀ á máa bẹ èèyàn, ara yẹn náà á sì máa sá. Ìdí tí mo fi ní kó o má rẹ́rìn-ín sí i nìyẹn. Èmi ò rò pé o burú tàbí pé o gbéra ga, mo rò pé o ti rí ẹsẹ̀ nínú iyanrìn ni.

(Ohun kan wà nínú ìwé yẹn tó ń bí mi nínú ṣá, n ò lè ṣe é kí n má sọ ọ́. Kí ló gbé e dé orí omi? Etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀ níbí ló ń bọ̀ láti Brazil, wọ́n fẹ́ wá kó èèyàn wa lẹ́rú. Nígbà tí Ọlọ́run sì wá fún un ní ẹnìkejì, Friday, ọ̀rọ̀ tó tètè kọ́ ọ ni kó máa pe òun ní Ọ̀gá. Ọdún mélòó ló fi ń wá alábàárò, ó rí i tán ó sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀! Ìwọ má lọ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ o, kó o má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọ́ ṣe Friday lórúkọ ọ̀rẹ́.)

Ìwé kejì, o mọ̀ ọ́n, Frankenstein. Fíìmù ni ẹ̀yin mọ̀. Ọmọbìnrin tí ò ju ọdún 18 lọ, Mary Shelley, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní 1816, ó jáde ní 1818. Ẹ̀yin máa ń pe ẹ̀dá yẹn ní Frankenstein, irọ́ ni, ẹni tó ṣe é ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ò lórúkọ. Ẹni tó ṣe é rí i pé ó la ojú, ó sì sá jáde nínú yàrá. Kò sí ìkómọ, kò sí ọjọ́ kẹjọ, kò sí oyin, kò sí ìyọ̀, kò sí ẹni tó sọ ọ́ ní nǹkankan. Mo máa ń sọ fún kíláàsì mi pé ọmọ Yorùbá ì bá ti mọ̀ láti ibẹ̀ yẹn pé wàhálà ń bọ̀.

Ibi tí mo nífẹ̀ẹ́ jù, ẹ̀dá yìí sá pamọ́ sínú ahéré tó fara ti ilé àwọn tálákà kan, ó ń gba ojú ihò ògiri wò wọ́n, bàbá afọ́jú, ọmọkùnrin àtọmọbìnrin. Ibẹ̀ ló ti kọ́ èdè. Lóru á ṣẹ́ igi ìdáná fún wọn, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ ẹni tó ń ṣe é. Ó tó oṣù mélòó tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó ní ìgboyà pé kóun wọlé. Bàbá afọ́jú gbà á, ó ní jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa, àwọn ọmọ bá dé, wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n fi igi lù ú jáde. Ẹ̀yìn èyí ló lọ bẹ ẹni tó ṣe é pé kò sóhun mìíràn tóun ń fẹ́, kó bá òun ṣe ẹnìkejì tó dà bíi tòun. Ó gbà, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún wá fà á ya lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́ pátápátá.

Ìwọ náà ń gba ojú ihò wò o. Gbogbo státọ́ọ̀sì àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó o máa ń wò lóru tó o ò fèsì, kí nìyẹn? Mo máa ń rí i pé o ti wo tèmi náà.

Má rò pé mò ń jókòó sórí àga kọ́ ọ. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú yín rí. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ tí gbogbo yín ti padà, ilé Ìjẹ̀bú-Igbó yìí wá dákẹ́, mo máa ń ti géètì látàárọ̀. Ìyá Ráṣídì tó ń ta ewùrà nígun kejì á wá, á pè mí, màá dákẹ́ bí ẹni tó sùn. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, mo gbọ́ ìró sílípáàsì rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe gbé abọ́ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní "Ìyá Olú, mo gbé e síbí o." Mi ò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì tí mo ṣílẹ̀kùn, èèrà ti bò ó, abọ́ tánganran funfun, etí rẹ̀ búlúù, èèrà tò yíká búlúù yẹn bí ẹni fi dúdú ya á. Ìtìjú mú mi, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e pa mọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò bínú. Ó tún wá lọ́jọ́ kẹta, kò pè mí, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ó ń bó ewùrà rẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa owó ọjà. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mò ń gbọ́. Ó pọ̀ díẹ̀ kí n tó jáde. Mi ò mọ nǹkan tí màá sọ, mo kàn ní "iye tó ò ń sọ yẹn ti wọ́n jù."

Bí mo ṣe padà sáàárín èèyàn nìyẹn, àríyànjiyàn lórí iye owó ewùrà.

O lè ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kí èèyàn ṣílẹ̀kùn fún, òótọ́ ni. Ọ̀mu inú ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní 1952, bàbá rẹ̀ fún un ní oko ọ̀pẹ 560,000 igi, á mu agbè ẹmu 150 láàárọ̀, á mu 75 nírọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò lóǹkà. Adẹ́mu já lórí ọ̀pẹ ó kú, kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ tó o ní nígbà tó o fi wà l'Ékòó tó ò ń san owó ọtí fún, àwọn dà? Àmọ́ wo nǹkan tí ọ̀mu yẹn ṣe, kò jókòó sílé pé ayé ti bàjẹ́, ó dìde wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú.

Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé Fágúnwà náà ńkọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, 1938, ẹ̀ẹ̀mejì ló dá nìkan wọ igbó. Ìgbà tí ọba wá rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, ó wá Kàkó, ó wá Olóhùn-iyọ̀ tó lè kọrin, ó wá Èfòìyè tó mọ ọfà ta. Kò sí èyí tó jọra nínú wọn. Ìwọ ń wá ẹni tó jọ ọ́ nìkan ṣoṣo, ẹni tó ń gbọ́ irú orin tó ò ń gbọ́, ìdí tí bàbá arúgbó ò fi já mọ́ nǹkan lójú rẹ nìyẹn.

Nílé níbí a ò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Régbérégbé ń bẹ, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, wọ́n bí ọ sí i ni. Tó bá di ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹgbẹ́ kálukú ń tò wọ Ojúde Ọba, aṣọ kan náà, fìlà kan náà, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ṣó ń ṣe ọ́ bíi kó o wá, wọ́n á rán ẹnì kan wá kan ilẹ̀kùn rẹ, tó o bá pa iná wọ́n á gba ojú fèrèsé. Lọ́hùn-ún kò sí ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń kanlẹ̀kùn lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á rò pé o ò fẹ́. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn.

Torí náà lọ́la, kì í ṣe Sátidé, lọ́la, sọ̀kalẹ̀ lọ bá bàbá yẹn. Má ṣe àlàyé gígùn, má purọ́ pé o ò sí nílé, ó rí iná kó o tó pa á. Sọ pé o wá kí i. Má lọ lọ́wọ́ òfo, gàárì Ìjẹ̀bú tí àǹtí rẹ bá mi gbé wá fún ọ ò tíì tán, bù ú sínú ike kékeré kan, fi ṣúgà àti ẹ̀pà díẹ̀ sí i. Fi omi tútù hàn án bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́. Kó o sì tètè sọ fún un pé bó ṣe máa ń kan nìyẹn o, kó má lọ rò pé ó ti bàjẹ́.

Èmi ìyá rẹ.