Ta Ló Máa Kọ́kọ́ Wọlé Sínú Adójútòfò Ìlera?

Sí Olóòtú,

Bí ọ̀rọ̀ àtúnṣe adójútòfò ìlera, ìyẹn ètò tí gbogbo èèyàn ti ń dá owó jọ láti fi tọ́jú ẹni tó bá ṣàìsàn, bá ti délẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, iye tí olúkúlùkù máa san lọ́dún la sábà máa ń jiyàn lé lórí. Ohun méjì ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ta ló máa kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ṣé ó sì máa bá oògùn ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tó bá débẹ̀? Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ìwádìí lórí àtúnṣe yìí lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní ₦12,000 ni owó ọdún kan, tí ẹgbẹ̀rún èèyàn san án. Mílíọ̀nù 12 náírà nìyẹn. Ká ní iṣẹ́ abẹ ìbímọ kan ń jẹ ₦200,000, tí aláboyún 5 nínú 100 sì nílò rẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún náà bá jẹ́ àdàlù ọmọdé, géńdé àti àgbà, ká ní 40 ló bímọ lọ́dún náà: ẹni 2 ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún, ₦400,000 ló sì máa bá a lọ. Owó ṣì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ fún ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún obìnrin tó ti lóyún nìkan ló wọlé, 50 ló máa nílò iṣẹ́ abẹ, mílíọ̀nù 10 ti lọ nìyẹn. Mílíọ̀nù 2 tó kù ni wọ́n máa fi gbẹ̀bí àwọn 950 yòókù, nǹkan bíi ₦2,100 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó tí wọ́n dá kò yí padà, owó iṣẹ́ abẹ náà kò yí padà. Irú ẹni tó wọlé ló yàtọ̀.

Mi ò dá aláta tó dúró dìgbà àìsàn kó tó sanwó lẹ́bi. Bí a bá ní kí èèyàn máa wọlé lẹ́yọ lẹ́yọ, ohun tí gbogbo wa máa ṣe nìyẹn. Òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù nìkan ni wọ́n lè yọ owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ta ló máa yọ ti aránṣọ? Agbo ilé lódindi àti ẹgbẹ́ lódindi ni kí wọ́n máa gbà wọlé: ẹgbẹ́ aránṣọ, awakọ̀, onídìrí. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì kó 70 nínú 100 ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, kó ṣì dúró ná. Ẹni tó bá dá wọlé, kí oṣù bíi mẹ́ta kọjá kó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì, àmọ́ kí wọ́n máa tọ́jú ibà rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Owó náà kò ṣeé san lẹ́ẹ̀kan náà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Alájọ lè gbà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé alájọ ló ni owó ọjọ́ kan nínú oṣù. ₦35 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, tí a bá yọ ti alájọ kúrò, ó ku ₦1,015. Lóṣù méjìlá, ìyẹn ti tó ₦12,000. Bó bá jẹ́ ₦33 ni wọ́n fi lélẹ̀, ₦957 ló máa kù, owó ọdún kò sì ní pé láé. Àwọn àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Oríire àti Sùúrùlérè ní tiwọn, ẹ̀yìn títa kajú ni kí wọ́n lọ bá wọn.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ oògùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ètò náà ti máa ń bàjẹ́. Ẹni tó ti sanwó dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, wọ́n kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó lọ ra oògùn ní kẹ́mísì. Ó ti sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní san án mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, yóò sì sọ fún ará ilé rẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn olùwádìí wọ ilé ìwòsàn kan ó kéré tán ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yẹ káàdì oògùn oṣù méjìlá wò, ìyẹn káàdì tí wọ́n ń kọ oògùn tó wọlé àtèyí tó jáde sí: ti ibà, amoxicillin tó ń pa kòkòrò àrùn, ORS àti zinc fún ìgbẹ́ gbuuru, magnesium sulphate fún gìrì aboyún, àti oxytocin tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ. Kí wọ́n ka iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi tán pátápátá. Bí páálí 240 bá jáde lọ́dún, tí oògùn ò sì sí fún oṣù méjì, 10 ni kí wọ́n fi pín in, kì í ṣe 12. 24 ni wọ́n ń lò lóṣù, kì í ṣe 20. Àṣìṣe yìí ló ń jẹ́ kí oògùn tún tán lọ́dún kejì.

Inú fíríìjì ni oxytocin ń gbé, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná ò bá sí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, agbára rẹ̀ á máa dín kù, ojú rẹ̀ á ṣì mọ́ kedere. Nọ́ọ̀sì á gún un, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá. Owó fíríìjì tó ń lo iná oòrùn gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò náà.

Ní ti bí wọ́n ṣe máa sanwó fún ilé ìwòsàn: bó bá jẹ́ iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, yálà ó ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn, wọ́n lè máa darí gbogbo aláìsàn sí ilé ìwòsàn ńlá, bó bá jẹ́ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwé owó á máa gùn sí i. Kí wọ́n lo ti oṣooṣù fún àìsàn ojoojúmọ́, kí ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ ní iye tiwọn. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá LAUTECH àti ti Bowen nítòsí, ṣùgbọ́n aláboyún tí wọ́n bá darí láti Ìkòyí-Ilé ní Oríire nílò ọkọ̀, owó ọkọ̀ kò sì sí nínú ₦12,000 yẹn.

Àwọn tí kò rí ₦35 náà ńkọ́? Òfin ìlera ti ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ìdajì rẹ̀ wà fún ìtọ́jú tí aláìsàn kò ní sanwó fún, ìdá 45 wà fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, 5 fún pàjáwìrì. Kí wọ́n tó fi orúkọ àwọn aláìní ránṣẹ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní èdè Yorùbá, kí àwọn aládùúgbò lè sọ ẹni tí wọ́n gbàgbé.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́